Ó-Kù-Díẹ̀ àti Ẹ̀rọ Tó Ń Bọ̀ Lọ́nà

Kọ̀ǹpútà náà tún dúró. Kò kú o. Ìbá kú, à bá gbé e jù nù, ká gbàgbé ẹ̀. Ṣe ló kàn dúró, tí kinní róbótó kan ń yí lójú rẹ̀ bí ẹni tó ń ronú ọ̀rọ̀ ńlá, tí obìnrin tó ń polówó bẹ́ẹ̀dì nínú fídíò náà la ẹnu sílẹ̀ tí kò lè pa á dé. Ọkùnrin tó jókòó síwájú rẹ̀ fi ọwọ́ méjèèjì bo ojú, ó mí kanlẹ̀. Láti òwúrọ̀ ló ti ń gé fídíò bẹ́ẹ̀dì yìí, obìnrin náà kò sì tíì dé orí bẹ́ẹ̀dì ọ̀hún.

"Ìwọ kinní yìí," ó ń bá kọ̀ǹpútà wí, "kí ni mo fi ṣẹ̀ ẹ́ gan-an?"

Ó-Kù-Díẹ̀ ni wọ́n ń pe ọkùnrin yìí, nílé àti láàárín àwọn tó ń gbéṣẹ́ fún un. Kì í ṣe bàbá rẹ̀ ló sọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Ẹnu ara rẹ̀ ló fi ra orúkọ náà. Bí oníbàárà bá béèrè pé iṣẹ́ òun dà, á ní ó kù díẹ̀. Bí ìyàwó rẹ̀ bá ní oúnjẹ ti ń tutù, á ní ó kù díẹ̀. Ṣùgbọ́n ká má purọ́ mọ́ ọn, ó mọ iṣẹ́. Ó lè wo ojú ẹni tó ń sọ̀rọ̀ nínú fídíò kó sì mọ ibi tó yẹ kó ti gé e kí ọ̀rọ̀ náà tó di òkú ọ̀rọ̀. Ọwọ́ rẹ̀ dá ṣáṣá, kọ̀ǹpútà ló ń fi í ṣẹ̀sín.

Yàrá iṣẹ́ rẹ̀ dojú kọ òpópónà, ṣùgbọ́n kọ́tìnnì dúdú ló bo fèrèsé rẹ̀ látòkè délẹ̀, kí oòrùn má baà wọlé wá ba àwọ̀ jẹ́ mọ́ ọn lójú. Inú òkùnkùn yẹn ni ògbólógbòó ẹ̀rọ náà ń gbé. Tí iṣẹ́ bá ti wọ̀ ọ́ lọ́rùn, fáànù inú rẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í kù, títí dé ilé ìdáná ni wọ́n ti ń gbọ́ ọ. Ìyàwó rẹ̀ á ní, "Arúgbó yín ti ń han-anrun o."

Ẹ ó béèrè pé kí ló dé tí kò ra òmíràn. Ẹ̀yin náà ẹ béèrè dáadáa. Owó wà nílẹ̀, òun àti ìyàwó rẹ̀ ti tọ́jú rẹ̀ pamọ́. Ṣùgbọ́n ilé-iṣẹ́ tó ń ṣe irú kọ̀ǹpútà yìí ti sọ tipẹ́tipẹ́ pé àwọn ń ṣe tuntun kan fún àwọn tó ń gé fídíò, èyí tí irú rẹ̀ kò tíì wáyé rí, wọ́n sì ti pa ẹnu mọ́ látìgbà náà. Ibi tí wọ́n ti pa ẹnu mọ́ ni àwọn ẹlẹ́nu ti rí àyè. Orí íńtánẹ́ẹ̀tì kún fún àwọn tí kò níṣẹ́ méjì ju kí wọ́n máa méfò lórí ẹ̀rọ tí ẹnikẹ́ni kò tíì fojú kàn. Ọ̀kan nínú wọn, tó fúnra rẹ̀ sọ ara rẹ̀ ní Aríran, ni olórí wọn. Aríran ní ẹnì kan tó mọ ẹnì kan nílé-iṣẹ́ náà ti rí àpótí rẹ̀. Lọ́sẹ̀ yìí, á ní ó ga bíi kọ́bọ́ọ̀dù. Lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, á ní ó rí pẹlẹbẹ bí àwo. Á tún ya àwòrán rẹ̀, á kun ún lọ́dà, ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn á sì máa jà lórí àwòrán náà bí ẹni tó ń jà lórí ilẹ̀ bàbá wọn.

Ó-Kù-Díẹ̀ wà nínú ìjà yẹn dáadáa. Ó mọ iye ihò tí wọ́n ń ki wáyà bọ̀ tí yóò wà lẹ́yìn ẹ̀rọ tí kò tíì sí. Ó ti bá ẹnì kan tí kò mọ̀ rí fa ọ̀rọ̀ lórí íńtánẹ́ẹ̀tì fún odidi ọ̀sán nítorí ibi tó yẹ kí ihò kan wà, ara rẹ̀ sì gbóná débi pé kò lè jẹun.

"Ọmọ tí a kò tíì lóyún rẹ̀, ẹ ti ń jà lórí irun orí rẹ̀," ni ìyàwó rẹ̀ wí lọ́jọ́ náà.

"Ó kù díẹ̀ kó dé," ó dáhùn. "Ẹ máa wò ó. Tó bá dé, ẹ̀yin náà ẹ ó mọ̀ pé a ti ń jìyà."

Ká ní ti bẹ́ẹ̀dì nìkan ni, ìyàwó rẹ̀ ìbá fi ṣe ẹ̀rín lọ. Ọ̀rọ̀ Màmá ló wà nídìí ẹ̀. Màmá ni ìyá Ó-Kù-Díẹ̀. Oníkámẹ́rà ni ìyàwó Ó-Kù-Díẹ̀, ó sì ṣẹ̀ṣẹ̀ ra kámẹ́rà ńlá kan nígbà yẹn, lára ìyá ọkọ rẹ̀ ló sì ti ń dán an wò. Ó ya Màmá níbi tó ti ń bomi rin òdòdó lẹ́yìn ilé. Ó yà á níbi tó ti ń ká aṣọ tó gbẹ, tó ń bá aṣọ wí bí ẹni ń bá ọmọ wí. Ó yà á níbi tó ti ń lé e pé, "Gbé kinní yẹn kúrò lójú mi, ìyàwó yìí, àgbàlagbà ni mí." Kò sẹ́ni tó mọ̀ pé ọdún yẹn ni Màmá máa lọ. Nígbà tó lọ tán ni wọ́n wá rí i pé àwọn ní i sínú àpótí kékeré kan tí wọ́n ń tọ́jú fídíò sí, ó ń rìn, ó ń rẹ́rìn-ín, ó ń bínú, wákàtí lórí wákàtí.

Bàbá gbọ́. Bàbá ti fẹ̀yìn tì nídìí iṣẹ́ aránṣọ, kì í sì í ṣe ẹni tó ń béèrè nǹkan lọ́wọ́ ọmọ. Ohun kan ṣoṣo tó béèrè nìyí. "Fọ́tò màmá yín pọ̀ lọ́wọ́ mi," ó wí. "Kò wù mí mọ́. Mo fẹ́ rí wọn kí wọ́n máa rìn, kí ojú yìí tó pa dé."

Nítorí ojú Bàbá ń lọ. Dókítà ojú ti sọ ọ́ láìfi bò: èyí tó bá ti lọ kò ní padà, oògùn tí wọ́n ń kán sí i, ṣe ló kàn ń di ìyókù mú díẹ̀.

Ẹ wá gbọ́ bí ọlọ́gbọ́n ọmọ ṣe ṣe é. Ọ̀gá tó kọ́ Ó-Kù-Díẹ̀ níṣẹ́ ti kìlọ̀ fún un nígbà kan: ibi tí o bá ti bẹ̀rẹ̀ fíìmù ni kí o ti parí rẹ̀, má gbé e láti orí ẹ̀rọ kan bọ́ sórí òmíràn lágbedeméjì. Ọ̀gá náà kò parọ́. Ó-Kù-Díẹ̀ fojú ara rẹ̀ rí fíìmù kan tí wọ́n gbé bẹ́ẹ̀, tí gbogbo àwọ̀ dàrú, tí ọkọ wá ń fi ohùn ìyàwó sọ̀rọ̀. Látìgbà náà ló ti di òfin fún un. Bí ó bá wá bẹ̀rẹ̀ fíìmù Màmá lórí ògbólógbòó yìí, tí tuntun bá dé lọ́la ńkọ́? Ó sàn kó kúkú dúró. Tuntun sì ń bọ̀ lọ́la, lójoojúmọ́ ayé.

"Ẹ jẹ́ ká ṣe ẹ̀dà kékeré rẹ̀," ìyàwó rẹ̀ bẹ̀ ẹ́. "Èyí tó fúyẹ́, ká fi ìyẹn gé e. Ṣebí bí gbogbo ayé ṣe ń ṣe é nìyẹn."

"Kí ojú Màmá wá rí bàìbàì? Lójú Bàbá? Rárá o."

"Ẹ jẹ́ ká kúkú fi bó ṣe wà hàn wọ́n."

"Ṣé ẹ gbàgbé ohun tí Bàbá máa ń sọ ni? Wọn kì í fi aṣọ tí abẹ́rẹ́ ṣì wà lára rẹ̀ han oníbàárà. Láti kékeré ni mo ti ń gbọ́ ọ."

 Ìyàwó rẹ̀ mọ̀ pé òótọ́ ni, Bàbá máa ń sọ ọ́. Ohun tó ń ta á lára ni pé ti bẹ́ẹ̀dì, ti ọṣẹ ìfọṣọ àti ti ilé ìwé awakọ̀, gbogbo wọn ló ń kọjá lórí kọ̀ǹpútà yìí, tìpátìkúùkù ni, ṣùgbọ́n wọ́n ń kọjá. Ti ìyá tó bí i nìkan ni kò rọ́nà.

Nígbà tó yá, ilé-iṣẹ́ náà kéde ọjọ́ kan. Wọn ò sọ ohun tí wọ́n fẹ́ fi hàn, wọ́n kàn ní kí gbogbo ayé pé jọ sí íńtánẹ́ẹ̀tì. Aríran ní ó ti parí, òun fi orí òun dúró. Inú Ó-Kù-Díẹ̀ dùn débi pé ó pe Bàbá lórí fóònù.

"Bàbá, wọ́n ti dá ọjọ́ o! Lọ́jọ́ Wẹ́sìdeè tó ń bọ̀ ni ẹ̀rọ yẹn. Ó kù díẹ̀ báyìí, ẹ ó rí Màmá."

"Lọ́jọ́ Wẹ́sìdeè," ni Bàbá tún wí. "Mo ti gbọ́. O ṣeun, ọmọ mi."

Kò pẹ́ tó gbé fóònù sílẹ̀ ni ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin pè. Ẹ̀gbọ́n yìí ló ń gbé pẹ̀lú Bàbá, òun ló sì ń mú un lọ sọ́dọ̀ dókítà.

"Kí lo sọ fún Bàbá tí wọ́n fi ń rẹ́rìn-ín nìkan?"

Ó ṣàlàyé.

"Ẹ̀rọ," ni ẹ̀gbọ́n rẹ̀ wí. "Mo ti gbọ́ ẹ̀rọ yìí títí, etí mi ti kún. Ọ̀dọ̀ dókítà la ti ń bọ̀. Ojú ọ̀tún ti lọ. Ti òsì, ó kù díẹ̀. O gbọ́? Ìwọ lo ni ọ̀rọ̀ yẹn, wá bá mi túmọ̀ ẹ̀."

"Ẹ̀gbọ́n mi, lọ́jọ́ Wẹ́sìdeè…"

"A kì í rí òjò tó ṣú ká da omi inú àmù nù," ni obìnrin náà wí, ó sì pa fóònù mọ́ ọn létí.

Ó dùn ún. Ó sọ fún ìyàwó rẹ̀ pé àwọn tí kò mọ iṣẹ́ ni wọ́n máa ń pariwo jù. Ìyàwó rẹ̀ ń nu lẹ́ńsì kámẹ́rà lọ́wọ́, kò gbé ojú sókè.

Ọjọ́ Wẹ́sìdeè pé. Láti ọ̀sán ni wọ́n ti jókòó, tọkọtaya, síwájú fóònù ìyàwó, nítorí arúgbó kọ̀ǹpútà wọn kò lè gbé ètò náà láìhan-anrun bo ohùn mọ́lẹ̀. Ọ̀gá ilé-iṣẹ́ bọ́ sórí pèpéle, àtẹ́wọ́ sọ. Ó fi fóònù tuntun kan hàn, tó jọ ti tẹ́lẹ̀ bí ìbejì. Ó fi aago ọrùn ọwọ́ hàn. Ó fi kinní tí wọ́n ń kì bọ etí hàn, ó wá sọ̀rọ̀ lórí àwọ̀ rẹ̀ bí ẹni ń sọ ìtàn ìṣẹ̀dálẹ̀ ayé. Ó-Kù-Díẹ̀ ń jẹ èékánná. "Wọ́n máa ń fi èyí tó dára jù sẹ́yìn ni," ó ń wí. "Ó kù díẹ̀."

Ẹ̀yìn dé. Ọkùnrin náà na ọwọ́ méjèèjì, ó rẹ́rìn-ín músẹ́. Ó ní àwọn kò gbàgbé àwọn oníṣẹ́ ńlá o, àwọn tó ń gé fídíò, àwọn tó ń ṣe fíìmù. Ó ní tiyín ń bọ̀. Ó ní ẹ fún àwọn láyè díẹ̀ sí i. Orin sọ, wọ́n tan iná, ó tán.

 Ó-Kù-Díẹ̀ dìde, ó ta ìjókòó rẹ̀ nípàá, ìjókòó tó ní kẹ̀kẹ́ lẹ́sẹ̀ náà sì yí lọ kọ lu ògiri. "Aago! Wọ́n pe gbogbo ayé jọ nítorí aago! Ta ló béèrè aago lọ́wọ́ wọn? Àwọn tó ń fi ẹ̀rọ wọn jẹun, wọ́n fi wọ́n ṣe ẹlẹ́yà!" Kí ó tó mí tán, Aríran ti kọ̀wé pé bí òun ṣe sọ ọ́ náà nìyẹn, pé òun kò fìgbà kan sọ pé ọjọ́ yìí ni, ọdún tó ń bọ̀ ni, àwòrán tuntun sì ti wà nílẹ̀. Ó-Kù-Díẹ̀ sì bú Aríran, ó bú ìyá Aríran, ó tún wá tẹ ibi tí àwòrán tuntun náà wà.

Ìyàwó rẹ̀ rí ìka rẹ̀ níbi tó ti ń tẹ̀ ẹ́. Ìyẹn ló mú kí sùúrù rẹ̀ tán. Ó ti ń fi "ẹ" pọ́n ọn lé láti ọjọ́ tí wọ́n ti fẹ́ra, ọjọ́ náà ló gbé "ẹ" jù sílẹ̀.

"O ò ní ojútì," ó wí. "O ń wo àwòrán. Bàbá ń fọ́jú lọ, o ń wo àwòrán àpótí! Mo fi ọwọ́ ara mi ya Màmá. Èjìká mi wú nítorí kámẹ́rà yẹn. Kò sí ọjọ́ tí Bàbá rí mi tí wọn ò béèrè pé, 'Ìyàwó mi, ṣé ó ti jinná?' Irọ́ ni mò ń pa fún àgbàlagbà nítorí rẹ. Ó ti sú mi! Ó ti sú mi pátápátá."

"Kì í ṣe ẹ̀bi mi. Ilé-iṣẹ́ yẹn ló…"

"Ilé-iṣẹ́ yẹn kò mọ bàbá rẹ!"

Ibẹ̀ ni wọ́n wà nígbà tí wọ́n gbọ́ kíkàn lẹ́nu ọ̀nà.

Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin ló dúró síta, Bàbá sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó di apá rẹ̀ mú. Bàbá wọ kóòtù aláwọ̀ eérú tó rán fún ara rẹ̀ nígbà ayé Màmá, ó ti bọ́tìnnì rẹ̀ dé ọrùn, ó fá irùngbọ̀n. Ojú ẹ̀gbọ́n le koko.

"Bàbá ní lónìí lẹ̀rọ yín dé," ó wí. "Láti ìdájí ni wọ́n ti wọṣọ. Mo ní kí a kọ́kọ́ pè yín, wọ́n ní rárá, ẹ ti dá ọjọ́."

Ó-Kù-Díẹ̀ wo kóòtù yẹn. Ó fẹ́ sọ pé kíkéde ni, pé ọ̀tọ̀ ni kí wọ́n kéde, ọ̀tọ̀ ni kí ó dé, ṣùgbọ́n ó sún kúrò lẹ́nu ọ̀nà fún wọn. Ojú tì í gan-an.

"Bàbá, ẹ wọlé. Ẹ̀rọ náà… kò dé."

"Kò dé?"

"Wọ́n sún un síwájú."

Bàbá mi orí. Ó wọlé, ó ń fi ẹsẹ̀ wá ilẹ̀, ó ní òkùnkùn yàrá iṣẹ́ yìí pọ̀ jù fún arúgbó. Ìyàwó fa ìjókòó kan sún mọ́ ọn, ó gbé e síwájú ojú kọ̀ǹpútà. Ó jókòó, ó fi ọwọ́ lé orúnkún.

"Ó dáa," ó wí. "Ẹ jẹ́ kí n wò ó lórí èyí tó wà."

"Bàbá, n kò tíì gé e. Kò sí ètò kankan níbẹ̀. Ẹ̀yin náà lẹ máa ń sọ pé wọn kì í fi aṣọ tí abẹ́rẹ́ wà lára ẹ̀ han oníbàárà."

"Èmi ni mo sọ ọ́," ni Bàbá wí. "Ṣùgbọ́n èmi kì í ṣe oníbàárà, ọmọ mi. Èmi ni ọkọ wọn."

 Ìyàwó mú àpótí kékeré náà, ó so ó mọ́ kọ̀ǹpútà. Fáànù bẹ̀rẹ̀ sí í kù. Ó-Kù-Díẹ̀ tẹ èyí tó kọ́kọ́ rí, Màmá sì yọ lójú kọ̀ǹpútà, nínú aṣọ yẹ́lò tí Bàbá rán fún un, ó gbé agolo ìbomirin dání, ó ń kùn.

"Kò wọ̀ mí lára tẹ́lẹ̀, òdòdó yìí," ni ohùn Màmá wí. "Bàbá ẹ ló gbìn ín, tó wá fi mí sídìí ẹ̀."

Bàbá rẹ́rìn-ín. Ó rẹ́rìn-ín tọkàntọkàn, omi lé ròrò sí i lójú. "Irọ́ ni wọ́n ń pa," ó wí. "Àwọn ló gbìn ín."

Ọkàn Ó-Kù-Díẹ̀ balẹ̀ díẹ̀. Ó wo ìyàwó rẹ̀ bí ẹni tó ní, ṣé ẹ rí i, ojú Bàbá ṣì ríran. Ó tilẹ̀ rí i pé àwòrán náà dára bó ṣe wà, pé kò sí nǹkan kan tó fẹ́ẹ́ gé níbẹ̀. Inú wá bẹ̀rẹ̀ sí í bí i sí ara rẹ̀, nítorí gbogbo ìgbà tí nǹkan yìí fi wà nílẹ̀ báyìí.

Màmá gbé agolo sílẹ̀. Ó yíjú, ó mú ọ̀nà ilé pọ̀n, ó gbé ẹsẹ̀ ọ̀tún.

Kọ̀ǹpútà dúró. Kinní róbótó bẹ̀rẹ̀ sí í yí. Ẹsẹ̀ Màmá wà lókè, kò sọ̀kalẹ̀ mọ́. Ohùn nìkan ni kò dúró, bàtà ń ró lórí òkúta, kò, kò, kò, ó ń jìnnà lọ.

"Áà! Bàbá, ẹ má bínú," Ó-Kù-Díẹ̀ sáré na ọwọ́. "Ó ti dúró. Ẹ̀rọ burúkú yìí, bó ṣe máa ń ṣe nìyí. Ẹ jẹ́ kí n…"

"Kí ló dúró?" ni Bàbá wí. Ó na ìka síwájú, ìka náà sì kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ ojú kọ̀ǹpútà lọ sí ọ̀dọ̀ sípíkà tí ohùn ti ń jáde. Ẹ̀rín kò tíì kúrò lẹ́nu rẹ̀. "Àwọn nìyẹn tí wọ́n ń lọ yẹn. Ẹ wo bí wọ́n ṣe ń rìn."

Ẹ̀gbọ́n fi ọwọ́ bo ẹnu. Ìyàwó di ẹ̀yìn ìjókòó Bàbá mú. Ó-Kù-Díẹ̀ wo ẹsẹ̀ ìyá rẹ̀ tó so rọ̀ sínú afẹ́fẹ́, ó wo ojú bàbá rẹ̀, ó sì rọra gbé ọwọ́ kúrò lórí kọ̀ǹpútà, kò jẹ́ fọwọ́ kan nǹkan kan. Bàtà náà ró títí ó fi dé ẹnu ọ̀nà. Ilẹ̀kùn dún, wọ́n ṣí i, wọ́n tì í.

"Wọ́n ti wọlé," ni Bàbá wí.

"Bẹ́ẹ̀ ni, Bàbá," ni ọmọ rẹ̀ dáhùn. "Wọ́n ti wọlé."